Bí wáyà bá jóná ní Jẹ́bà, kí ló kan ọlọ́jà Kútọ̀? Ìṣirò àjálù ńlá tó yẹ kí gbogbo oníṣòwò Ẹ̀gbá mọ̀

Ní nǹkan bí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì òru ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, iná sọ lójú ọ̀nà wáyà ńlá tó so ibùdó iná Káńjì mọ́ ti Jẹ́bà, ìró ìbúgbàù sì dún. Lójú ẹsẹ̀, iná tó lé ní 356 mẹ́gáwáàtì tó ń ti Jẹ́bà wá pòórá lójú gíríìdì, ìyẹn okùn wáyà ńláńlá tó so gbogbo ibùdó iná orílẹ̀-èdè yìí pọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gíríìdì ti dẹnukọlẹ̀ pátápátá. Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Kánò, Ẹnúgù, gbogbo wọn bọ́ sínú òkùnkùn nítorí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ níbi kan ṣoṣo.

Jẹ́bà jìnnà sí Abẹ́òkúta ju igba kìlómítà lọ. Ìyá tó ń ta ẹja inú fírísà ní Kútọ̀ lè má mọ ọ̀nà ibẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ohun tó jóná lọ́hùn-ún ní òru ló sọ bóyá ẹja rẹ̀ máa yọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ohun tó yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu jù ni pé iná tó pòórá yẹn kò pọ̀. Gíríìdì wa sábà máa ń gbé nǹkan bíi 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì, nígbà tó sì ṣe dáadáa jù, ní oṣù kẹta ọdún 2025, ó gbé ohun tó lé ní 5,800. Kí ni 356 jẹ́ lára ìyẹn? Irú iná bẹ́ẹ̀ ti bọ́ kúrò lójú gíríìdì lọ́pọ̀ ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Kí ló wá dé tí ọjọ́ kan fi máa kọjá bíi pé nǹkan kan ò ṣe, tí ọjọ́ kejì sì máa gbé gbogbo orílẹ̀-èdè lọ?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn oníná nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tó bá ń fi owó ara rẹ̀ ṣòwò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣe ìṣirò rẹ̀, ìṣirò ọ̀hún kò sì le ju èyí tí ọlọ́jà ń ṣe lójoojúmọ́ lọ.

ÒKÌTÌ YANRÌN ÀTI ÒKÌTÌ ÌRẸSÌ

Ẹni tó bá ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń kó yanrìn odò Ògùn jọ fún títà yóò ti rí i: bí wọ́n bá ń da yanrìn gbígbẹ sórí òkìtì, òkìtì náà á máa ga, á máa ga, títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò lè ga mọ́. Láti ìgbà náà lọ, yanrìn tí wọ́n bá tún dà sí i á máa ya lulẹ̀. Nígbà mìíràn ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ya. Nígbà mìíràn, odidi ẹ̀gbẹ́ òkìtì ló máa wó.

Ní ọdún 1987, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Per Bak, Chao Tang àti Kurt Wiesenfeld, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Brookhaven lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fi kọ̀ǹpútà ṣe àpẹẹrẹ irú òkìtì bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi hóró kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n rí ló gbé orúkọ wọn jáde. Hóró tó fa yíya ńlá kò tóbi ju hóró tó fa yíya kékeré lọ. Bákan náà ni gbogbo hóró rí. Ohun tó yàtọ̀ ni bí òkìtì náà ṣe wà nígbà tí hóró náà bọ́ sórí rẹ̀: bóyá àwọn hóró tó wà nítòsí ti wà ní bèbè ìṣubú, tàbí wọ́n ṣì fìdí múlẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, tó ti èkejì, tí èkejì ti ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó máa dúró.

Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ kan ní Oslo, olú ìlú Norway, fi ìrẹsì gidi dán an wò. Wọ́n rí i pé ìrẹsì tí hóró rẹ̀ gùn máa ń ya bí ìṣirò náà ṣe sọ, tí kékeré àti ńlá dà pọ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n èyí tí hóró rẹ̀ ṣe róbótó kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo òkìtì ló ń hu ìwà kan náà nìyẹn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àkọsílẹ̀ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ la gbọ́dọ̀ wò kí á tó sọ pé irú ìwà báyìí ni nǹkan kan ń hù.

BÍ GÍRÍÌDÌ ṢE DÀ BÍ ÒKÌTÌ

Ẹ fọkàn yàwòrán ọkùnrin mẹ́wàá tí wọ́n jọ gbé ìtì igi ńlá kan lé èjìká. Bí ẹnì kan bá já a sílẹ̀, ẹrù tirẹ̀ á pín sórí àwọn mẹ́sàn-án tó kù. Bí àwọn mẹ́sàn-án náà bá ṣì ní agbára ní ìpamọ́, wọ́n á gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àárẹ̀ ti mú gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, ẹni tó rẹ̀ jù nínú wọn máa já a sílẹ̀, ẹrù àwọn tó kù á tún wúwo sí i, àfi gbìì.

Bí iná mọ̀nàmọ́ná ṣe rí gan-an nìyẹn. Iná tí à ń lò gbọ́dọ̀ máa lù ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ibùdó iná kan bá kúrò lójijì, ìlù náà máa ń lọ sílẹ̀. Ní òru ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó já láti 50.29 sí 49.67. Ẹ̀rọ ńlá kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń dáàbò bò ó: bí ìlù bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀rọ náà á pa ara rẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bó ti ń gba ara rẹ̀ là, ó ń dá kún ẹrù àwọn tó kù. Wáyà pàápàá ń hu ìwà yìí, torí bí ọ̀kan bá já, iná tó ń gbé máa gba orí àwọn tó kù kọjá, àwọn náà lè gbóná kọjá ààlà kí wọ́n sì kúrò.

Ibi tó dun àwa ará ilẹ̀ Ẹ̀gbá jù ni pé ibùdó iná wà ní ìtòsí wa. Ibùdó iná gáàsì méjì ló wà ní Olórunṣògo lẹ́bàá Pápálantó, lójú ọ̀nà tó ti Abẹ́òkúta lọ sí Èkó, àpapọ̀ agbára tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì sì lé ní 1,000 mẹ́gáwáàtì. Ṣùgbọ́n iná tó bá ti ibẹ̀ jáde kì í gba ẹ̀yìnkùlé wá bá wa. Orí gíríìdì ló ń lọ, a sì jọ ń pín in pẹ̀lú gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Nítorí náà, bí gíríìdì bá dẹnukọlẹ̀, ẹni tó ń gbé nítòsí ibùdó iná àti ẹni tó ń gbé ní Máídúgùrì, òkùnkùn kan náà ni wọ́n jọ máa bá pàdé. Láti jí gíríìdì náà tún lé, torí ẹ̀rọ ńlá fúnra rẹ̀ nílò iná kó tó lè ṣiṣẹ́. Àwọn ibùdó díẹ̀ tó lè fúnra wọn jí, irú àwọn tó ń lo agbára omi, ni wọ́n máa kọ́kọ́ tàn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fà á dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ nípa gíríìdì wa ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé agbára ìpamọ́ tó yẹ kó wà nílẹ̀ dè ọjọ́ tí ibùdó kan bá kúrò kò tó. Àwọn ọkùnrin mẹ́wàá tó rẹ̀ tẹnutẹnu la ní kó gbé igi.

Ẹ tún wo bí àwọn ọjọ́ náà ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Kí ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 yẹn tó ṣẹlẹ̀, iléeṣẹ́ TCN tó ń bójú tó wáyà ńláńlá sọ pé gíríìdì ti lo ọjọ́ 421 láì dẹnukọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé ọ̀rọ̀ náà ti di ìtàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kan náà, ó tún dẹnukọlẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2024, ó ṣẹlẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Nínú oṣù kẹwàá ọdún náà nìkan, ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún àti ọjọ́ kọkàndínlógún. Ìdákẹ́jẹ́ ọlọ́jọ́ gbọọrọ kì í ṣe ẹ̀rí pé ewu ti kọjá, wàhálà sì máa ń bí wàhálà, nítorí òkìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wó kò tíì fìdí múlẹ̀.

ÌṢIRÒ TÓ WÀ NÍDÌÍ RẸ̀

Ó pẹ́ tí wọ́n ti mọ irú ìṣirò yìí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ríri. Láti nǹkan bí ọdún 1940 sí 1950 ni Beno Gutenberg àti Charles Richter ní California ti rí i pé bí ilẹ̀ ríri bá fi ìwọ̀n kan ga sí i lórí òṣùwọ̀n wọn, ó máa ń ṣọ̀wọ́n ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ńlá ń ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń ṣọ̀wọ́n ní ìtẹ̀léra, kì í dédé tán.

Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Carreras, Newman, Dobson àti Poole, wá kó àkọsílẹ̀ òkùnkùn iná ilẹ̀ náà láti ọdún 1984 sí 1998 jọ. Wọ́n rí i pé irú ìtẹ̀léra yìí ló wà níbẹ̀. Òkùnkùn ńlá ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ ju bí èèyàn ṣe lè fi ọgbọ́n orí lásán rò ó lọ. Ọdún 1998 ni àkọsílẹ̀ wọn parí. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 2003, wáyà ní ìpínlẹ̀ Ohio rọ̀ wálẹ̀ kan igi, kí ọjọ́ náà sì tó lọ, nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ló wà lókùnkùn. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 2012, ti Íńdíà kan àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni òkìtì ti ń wó.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìṣirò ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé iná lọ nígbà 100 láàárín ọdún kan ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ká ní ìgbà 90 nínú rẹ̀, wákàtí kan kan ló lò. Ìgbà 9, wákàtí mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìgbà kan ṣoṣo, 100 wákàtí, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin àti díẹ̀. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 280 wákàtí. Bí a bá pín in sí 100, ìpíndọ́gba jẹ́ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta.

Oníṣòwò tó bá gbọ́ pé iná kì í lọ ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ á fọkàn balẹ̀. Yìnyín inú fírísà tó kún dáadáa lè gbà á fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba yẹn kò bá ọjọ́ kankan mu. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ kéré sí i, ọjọ́ kan ṣoṣo tó burú jù sì kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo òkùnkùn ọdún náà lọ. Ọjọ́ kan yẹn ló pa ẹja.

Ẹ wá sún un síwájú sí ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú ìtẹ̀léra kan náà: ìgbà 900 fún wákàtí kan, ìgbà 90 fún mẹ́wàá, ìgbà 9 fún 100, àti ìgbà kan fún 1,000. Àpapọ̀ jẹ́ 3,700 wákàtí, ìpíndọ́gba sì ti kúrò ní 2.8, ó ti di 3.7. Nǹkan kan ò bàjẹ́ sí i o, ìtẹ̀léra kan náà ni. Bí a ṣe ń wò ó pẹ́ tó ni ìpíndọ́gba ń ga tó. Ìyẹn ni pé ẹni tó fi àkọsílẹ̀ ọdún kan ṣètò òwò rẹ̀ ti fi òṣùwọ̀n tó kéré wọn ewu rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní 1,000 wákàtí ti pọ̀ jù, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ méjìlélógójì. Lóòótọ́, ohun gbogbo ní ààlà, torí kò sí bí òkìtì ṣe lè ya ju gbogbo yanrìn inú rẹ̀ lọ. Àmọ́ ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024, lẹ́yìn tí àwọn kan ba wáyà ńlá Ṣiróró sí Kàdúná jẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní apá àríwá wà lókùnkùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ní àdúgbò pàápàá, ta ni kò tíì gbọ́ nípa tiránsífọ́mà tó bàjẹ́, tí wọ́n da ẹrù rẹ̀ lé ti àdúgbò kejì lórí, tí ìyẹn náà sì jóná, tí àdúgbò méjèèjì wà lókùnkùn fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Èyí tó burú jù tí a ti rí kì í ṣe èyí tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀.

ÌGBÀ TÍ ÀÁRÒ KÒ NÍ ṢIṢẸ́

Àwa Ẹ̀gbá mọ ìtàn Lísàbí àti ẹgbẹ́ àárò rẹ̀. Àgbẹ̀ á kó ara wọn jọ, wọ́n á ṣe oko lágbájá lónìí, wọ́n á ṣe oko tàmẹ̀dù lọ́la. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ni pé oko kálukú ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù òde òní àti iléeṣẹ́ adójútòfò, orí ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n dúró lé: bí nǹkan bá ṣe ẹnì kan, nǹkan kò ní ṣe àwọn tó kù, owó wọn á sì gbé e dìde.

Ohun tó ń ya bí òkìtì kì í dúró de oníkálukú. Ẹ wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó jẹ́ pé àwọn tó ń ta ẹja inú fírísà, áísìkiriìmù àti omi tútù nínú ọjà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí gíríìdì bá dẹnukọlẹ̀ tí kò tètè jí, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló máa pàdánù lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn ló máa wá yá owó, kò sì ní sí ẹni tó máa dá owó padà lóṣù náà. Àpótí ẹgbẹ́ tó tó fún ẹni márùn-ún kò lè tó fún àádọ́ta. Bí ẹgbẹ́ náà bá wá tú, kì í ṣe pé akápò jalè, kì í sì í ṣe pé ìfẹ́ ti tán. Ọjọ́ kan náà ni àárò bọ́ sí fún gbogbo wọn.

Bákan náà lọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ rí. Ẹni tó rà á rò pé òun ti bọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀ jù ni ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń tò sílé epo. Yìnyín tí ì bá rà ní Láfẹ́nwá, àwọn ẹlòmíràn ti rà á tán. Omi ẹ̀rọ tó gbẹ́kẹ̀ lé pọ́ǹpù kò yọ mọ́. Àjálù kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ti epo, yìnyín àti omi ṣubú.

KÍ NI KÍ ONÍṢÒWÒ ṢE?

Kò sí onímọ̀ kankan tó lè sọ ọjọ́ tí èyí tó ń bọ̀ máa ṣẹlẹ̀, ẹ má sì gba ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n gbọ́. Ohun tí ìṣirò lè ṣe ni kó sọ bí ewu náà ṣe tóbi tó, ká lè mọ ohun tí a fi ń dè é.

Àkọ́kọ́ ni kí ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí iná lọ, aago tó lọ àti aago tó dé sínú rẹ̀. Ní ìparí ọdún, ẹ má wá ìpíndọ́gba. Ẹ to gbogbo rẹ̀ láti orí èyí tó gùn jù wá sí èyí tó kúrú jù. Bí èyí tó gùn jù bá fi ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ, tí èyí náà sì ju ẹ̀kẹta lọ bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé òkìtì lẹ jókòó tì. Ẹ múra sílẹ̀ fún èyí tó máa ju tòkè pátápátá lọ.

Èkejì, ẹ wo ohun tí àjálù kan ṣoṣo lè gbà lọ́wọ́ yín, kí ẹ má ṣe jẹ́ kó ju ohun tí òwò náà lè gbé lọ. Ọlọ́ja tí gbogbo owó ilé rẹ̀ wà nínú fírísà kan ń ta tẹ́tẹ́ ni. Bó bá kó ìdajì, èrè ọjọ́ dáadáa á dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ burúkú kò ní lé e kúrò lọ́jà.

Ẹ̀kẹta, ìrànlọ́wọ́ tí ẹ bá ní gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní bá gíríìdì ṣubú. Jẹnẹrétọ̀ méjì tó ń mu epo láti ilé epo kan náà, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Iná oòrùn lórí òrùlé yàtọ̀, bí ó tilẹ̀ kéré. Èèyàn tó ń sun ẹja gbẹ, tó lè bá yín gba ọjà tó fẹ́ yọ́, yàtọ̀ pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí alárò Ìtòkú, oníṣu, télọ̀ àti ẹlẹ́ja jọ wà nínú rẹ̀ lágbára ju èyí tó kún fún ẹlẹ́ja nìkan lọ.

Ní ti ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ iná, iṣẹ́ tiwọn ni kí òkìtì náà má ga dé bèbè: kí agbára ìpamọ́ wà, kí àwọn ohun èlò tó ń já ẹrù díẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó wó ṣiṣẹ́, kí apá kan sì lè dá dúró bí àwọn yòókù bá ṣubú. Òfin iná mọ̀nàmọ́ná tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti máa pèsè iná, kí ó máa gbé e, kí ó sì máa pín in fún ara rẹ̀. Iléeṣẹ́ símẹ́ńtì Ẹwékorò ti ní ibùdó iná tirẹ̀, torí wọ́n mọ ohun tí ìdúró ojijì ń ná wọn. Ó yẹ kí Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí Olórunṣògo wà nínú rẹ̀, ro bí ilé ìwòsàn, ibùdó omi àti ọjà Abẹ́òkúta ṣe lè rí iná lò lọ́jọ́ tí wáyà bá tún jóná ní Jẹ́bà.

Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ọlọ́jà ni ìṣirò rẹ̀ wà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ iye ọjà tí ẹ máa kó sínú fírísà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má bi ara yín pé báwo ni iná ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó dé. Ẹ bi ara yín pé, bí kò bá dé fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣé mo ṣì máa wà lọ́jà?